Igi Igbó Márùn-ún ní Àgbàlá Àna Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ

Iṣẹ́ ni mo ra ìwé yìí fún, kí n máa kọ alùpùpù tó wọlé àti èyí tó jáde. Ojú ewé mẹ́ta péré ni mo kọ. Ó di ìwé igbó báyìí.

Igi márùn-ún. Ratri ọmọ wa ló forúkọ wọn sílẹ̀ fún mi lórí fóònù láti Rayong níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí gbígbin igbó ní oṣù Kẹfà. "Bàbá, ẹ ti di àgbẹ̀ oníwèé-àṣẹ o." Ó rẹ́rìn-ín títí. Èmi tí mo ti ń tú ẹ́ńjìnnì láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Nítorí Chanthi ìyàwó mi ni. Wọ́n gé ọyàn òsì rẹ̀ ní oṣù Kejì nítorí jẹjẹrẹ. Oògùn tí wọ́n ń fà sí i lára nílé ìwòsàn ńlá kò jẹ́ kó jẹun mọ́. Tó bá ti gbọ́ òórùn oúnjẹ, èébì. Dókítà Phakdi, obìnrin tó ń ṣe oògùn ìbílẹ̀ nílé ìwòsàn kékeré tiwa níbí, ní kí n máa fi ewé tútù mẹ́ta sí ọbẹ̀ adìyẹ rẹ̀, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. A tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ ará àdúgbò, a dán an wò. Ó jẹ ìdajì àwo ìrẹsì. Mo lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Lónìí — Gíga, èyí tó ga jù nínú wọn. Ewé orí rẹ̀ ń pọ́n. Àárín ewé ti di àwọ̀ ìyeyè, ṣùgbọ́n iṣan rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Bí àwọ̀n. N kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì

Kúkúrú, èyí tó kéré jù, náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Mo já ewé kan, mo mú un lọ bá Uthit tó ń ta ajílẹ̀ ní oríta. Kò tilẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi wò.

"Ẹ̀gbọ́n, ebi ni. Igi tó bá ti pọ́n, ebi ló ń pa á."

Mo ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní, "Tí kò bá dá mi lójú, ṣé màá máa tà á?" Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Mo ra àpò kan. Bí mo ṣe ń gbé e wọlé, Adájọ́ ń wò mí.

Adájọ́ ni mo ń pe ìyá ìyàwó mi nínú ọkàn mi. Orúkọ rẹ̀ ni Thongyun, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Alaró ni. Abẹ́ ilé rẹ̀ níwájú tiwa ló máa ń jókòó sí, lórí pèpéle ọparun, pẹ̀lú ìkòkò aró mẹ́rin. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Láti ibẹ̀ ló ti ń wo gbogbo ayé, tó sì ń dá ẹjọ́ láìlanu. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbé àgbàlá yìí, kò tíì pe orúkọ mi rí. "Ẹ bá mi sọ fún ẹni yẹn pé epo rẹ̀ ń ṣàn bọ̀ lẹ́sẹ̀ ilé mi." Ẹni yẹn sì rèé, mo dúró gbagidi níwájú rẹ̀.

Mo mọ ìdí. Khamta ọkọ rẹ̀, ọ̀gá ló jẹ́ nínú gbígbin igbó lórí òkè Phu Phan láyé ijọ́un, nígbà tí àwọn oníbàárà ń wá láti òkè òkun. Ọlọ́pàá gòkè lọ́jọ́ kan, wọ́n sun gbogbo oko, wọ́n mú un lọ. Ọdún mẹ́rin lẹ́wọ̀n. Èmi ni ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ń tún alùpùpù tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sọ̀kalẹ̀ ṣe. Wọ́n mú èmi náà, wọ́n nà mí fún ọjọ́ méjì kí wọ́n tó rí i pé n kò mọ̀ ju bóòtù ẹ́ńjìnnì lọ. Eyín iwájú kan bá a lọ. Ẹ wá wò ó báyìí: irú ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ ọmọ rẹ̀, ó tún wá gbin igbó sí ojúde rẹ̀. Èmi náà ì bá dá ara mi lẹ́bi.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Mo ti bọ́ wọn. Òjò tẹ̀lé e. Ó yẹ kó dára.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Kò dára. Gíga ti pọ́n dé ìpele kẹta láti òkè, ewé orí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di funfun. Etí ewé ìsàlẹ̀ tó wà ní àlàáfíà tẹ́lẹ̀ ti jó, ó ṣú bí ẹni fi iná sìgá kàn án.

Mo wo fóònù ní gbogbo ọ̀sán. Ènìyàn méje, ọ̀rọ̀ méje. Ọ̀kan ní omi ti pọ̀ jù. Ọ̀kan ní omi ò tó. Ọ̀kan ní kí n máa kọrin fún un.

Oníbàárà kan dúró dè mí títí ó fi sùn lórí àga.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo bá ara mi wí. Bunthom, tí wọ́n bá gbé alùpùpù wá tó ń wúkọ́, ṣé wàá kan máa da epo sí i ni? Wàá yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, wàá wo àwọ̀ rẹ̀. Tó bá dúdú tó kún fún èédú, epo ti pọ̀ ju atẹ́gùn lọ. Tó bá funfun, ó ń gbóná jù, epo ò tó. Àwọ̀ kì í parọ́, ẹni tó ń wò ó ló ń ṣì í kà.

Tóò. Òfin ọ̀gá mi àtijọ́: má ṣe tún ohun méjì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, o ò ní mọ èyí tó wò ó sàn. Láti òní lọ, ohun kan ṣoṣo. Màá máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Èyí tí mo mọ̀ dájú: ewé tuntun ló ń pọ́n, kì í ṣe ti ìsàlẹ̀. Àárín ló ń pọ́n, kì í ṣe iṣan. Márààrún ló ń ṣe, kì í ṣe ẹyọ kan. Ajílẹ̀ dá kún un ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Ọjọ́ Ìyá. Ratri pè láti Rayong, ó sunkún, Chanthi ló wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Lẹ́yìn náà Chanthi gbé òdòdó funfun lọ fún ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Adájọ́ gbé ọwọ́ aró lé orí tí irun ti re kúrò, kò gbé e kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ọbẹ̀ lónìí: ṣíbí méjì. Ewé tó dára tí mo rí já kò ju ẹyọ kan lọ.

Ìgbà kẹrin nínú mẹ́fà ti oògùn yẹn ń bọ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Dókítà ilé ìwòsàn ńlá ní tí Chanthi bá tún fọn ju báyìí lọ, àwọn á dá oògùn náà dúró. N kò sọ fún un pé mo gbọ́.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Kòkòrò ni mo yẹ̀ wò lónìí. Mo fi dígí tí mo fi ń wo púlọ́ọ̀gì wo abẹ́ ewé ọgọ́ta, mo kà á. Kòkòrò funfun mẹ́rin, aláǹtakùn kan tó bínú sí mi. Kòkòrò mẹ́rin kò lè pa igi márùn-ún lára. Mo se ewé dóńgóyárò, mo fi omi rẹ̀ wẹ̀ wọ́n. N kò lè lo oògùn apakòkòrò: ikùn Chanthi ni ewé yìí ń lọ.

Kì í ṣe kòkòrò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Gbòǹgbò. Mo fi ọwọ́ wú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Olóríkunkun (èyí tí mo tì ní ìgbà mẹ́ta kó dúró gbọọrọ, tó kọ̀). Gbòǹgbò funfun, ó le, òórùn ilẹ̀ tó mọ́. Omi kọ́ ló ń pa wọ́n.

Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan kan. Lókè ilẹ̀, yíká ìdí igi, eruku kan wà níbẹ̀, funfun tó ṣú díẹ̀. Ó ti dì mọ́ ilẹ̀ bí èèpá. Mo yẹ mẹ́rin tó kù wò. Ó wà níbẹ̀. N kò dà á síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Òjò rọ̀ lánàá, ó fọ eruku yẹn lọ. Láàárọ̀ yìí, òmíràn ti wà níbẹ̀. Eérú ni. Ilé ta ni eérú ti ń pọ̀ tó báyìí? Ilé alaró.

Mo tú kábúrétọ̀ kan, n kò lè tò ó padà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Mo jókòó sẹ́yìn àwọn táyà. Kùrukùru bo òkè. Adájọ́ jáde pẹ̀lú garawa, ó tẹ̀ kòlọ̀kòlọ̀ dé ìdí Gíga. Ó kọ́kọ́ bá igi náà sọ̀rọ̀. N kò gbọ́ ohun tó sọ. Ó bu eérú, ó wọ́n ọn yí i ká bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ. Ó bọ́ sí ìdí Kúkúrú.

Mo ti to ọ̀rọ̀ tí màá sọ láti àná. Ọ̀rọ̀ burúkú ni. Nígbà tí mo dìde, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ìyá, ẹ káàárọ̀."

Garawa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní kí ló dé tí wọ́n fi ń pa igi ọmọ wọn. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó sì yíjú sí mi, èmi fúnra mi, ó là á:

"Ṣé orí rẹ dá ṣáṣá? Ta ló ń pa kí ni? Ṣé kí n jókòó, kí n máa wo oúnjẹ ọmọ mi tó ń kú lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ju ṣéènì lọ?"

Ó ní Khamta máa ń wọ́n eérú síbẹ̀ lórí òkè. Ilẹ̀ orí òkè máa ń kan, eérú ló ń pa kíkan rẹ̀. Ewé rẹ̀ á ṣú bí aṣọ tí a rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ó ní láti ìgbà tí tèmi ti ga dé orúnkún lòun ti ń wọ́n ọn, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Nígbà tó rí i pé ó ń pọ́n, ó sọ ọ́ di àràárọ̀.

Mo ní, "Ìyá, èmi náà da ìyẹ̀fun òkúta funfun sínú ihò kí n tó gbìn. Ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta sí ihò kan. Mo tún dà á sí i ní oṣù Keje."

"Òkúta funfun kẹ̀? Òun náà ń pa kíkan. Ta ló ní kí o dà á?"

"Fóònù ni."

"Fóònù!" Ó tutọ́ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu ilẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi omi díẹ̀ pò ó, ó fi ahọ́n kàn án. Ó tutọ́ lẹ́ẹ̀kejì. "Ó ń ta ahọ́n. Aró tó bá ń ta ahọ́n báyìí, eérú ti pọ̀ nínú rẹ̀. Èlú wà nínú ìkòkò, aṣọ ò ní lè mu ún, á kàn jáde ràdàràdà. Bí ilẹ̀ yìí ṣe rí nìyẹn. Oúnjẹ wà níbẹ̀. Igi ò lè jẹ ẹ́."

Mo ronú kan ẹni tó dùbúlẹ̀ nínú ilé.

Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. "Ìwọ fi iyọ̀ sí i, èmi fi iyọ̀ sí i, ọbẹ̀ kan náà. Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?"

Mo ní, "Ṣé ẹ ò lè sọ fún mi ni, Ìyá?"

"Ìwọ náà ní ẹnu."

A dúró síbẹ̀. Adìyẹ kọjá láàárín wa. N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi.

Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Oògùn Adájọ́: bí aró bá le jù, èso kíkan àjàgbọn la fi ń dẹ̀ ẹ́. Ó sì ní kí n wá irin, pé òun ni ilẹ̀ yìí kò jẹ́ kí igi rí jẹ.

"Kí lo ní tó ti dógùn-ún?"

"Ìyá, kí ni mo ní tí kò tíì dógùn-ún?"

Mo kó ṣéènì àtijọ́ mẹ́fà àti ìṣó tó kún agolo kan. A rì wọ́n sínú omi àjàgbọn nínú ìkòkò aró rẹ̀ tó ti là lẹ́tí. Mo ha ojú ilẹ̀ kúrò nídìí igi, èèpá eérú àti gbogbo rẹ̀, mo dà á nù lẹ́bàá ọ̀nà. Mo lọ gbá ewé jíjẹrà lábẹ́ igi ńlá tó wà nínú ọgbà tẹ́ńpìlì, àpò mẹ́ta, mo fi dípò rẹ̀. Àlùfáà kékeré kan bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní ìtọ́jú aláìsàn.

Mo sọ òfin mi fún Adájọ́: ẹyọ igi kan la ó kọ́kọ́ dán omi náà wò lára rẹ̀. Ó ní ìyẹn ń fi àkókò ṣòfò. Mo ní bí a ṣe ń ṣe é nínú ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Ó ní igi kò ní táyà. A jà á fún bíi wákàtí kan. Chanthi ń wò wá láti ojú fèrèsé, ẹnu rẹ̀ ò padé.

Kúkúrú la mú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlélógún

Omi náà ti ṣú bí tíì. Ife méjì sínú garawa omi òjò kan, sí ìdí Kúkúrú. Mo fẹ́ máa wò ó ní wákàtí wákàtí. Adájọ́ ní, "Má wo ewé àtijọ́. Èyí tó ti pọ́n, ó ti pọ́n. Èyí tó ń bọ̀ ni kí o máa wò."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Chanthi gba oògùn ìgbà kẹrin. Ó fọn, ṣùgbọ́n wọn kò dá a dúró. Ó bì nínú ọkọ̀ láti ibẹ̀ dé ilé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Kò sí nǹkan kan.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Kò sí nǹkan kan. Uthit kọjá, ó ní ṣé ajílẹ̀ ò ṣiṣẹ́ ni, òun ní èyí tó le jù ú lọ. Adájọ́ dá a lóhùn láti orí pèpéle rẹ̀: "Lọ fi pa irun orí rẹ, bóyá yóò hù." Uthit lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọgbọ̀njọ́

Ewé tuntun méjì lórí Kúkúrú. Wọn ò tóbi ju èékánná lọ. TÚTÙ. Láti iṣan dé etí. Mo pe Adájọ́, mo kígbe ni. Ó wá, ó wò ó, ó sì ní, "Hẹn-ẹn." Lẹ́yìn náà ó gbé garawa, ó bu omi sí mẹ́rin tó kù, kò bi mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án

Gíga náà. Olóríkunkun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì dàgbà sí ẹ̀gbẹ́.

Ewé mẹ́ta sínú ọbẹ̀ — ti ìsàlẹ̀, tó mọ́. Àwo ìrẹsì kan ó dín díẹ̀. Chanthi ní iyọ̀ ò tó. Oṣù méje ni kò ti ṣàríwísí ọbẹ̀ mi.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta

Mo fẹ́ kọ èyí ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n kọ ọ́. Ìwé, ìwọ nìkan.

A jọ ń já ewé tó ti bàjẹ́ kúrò. Adájọ́ ń ka ohun tí Khamta kọ́ ọ, mo sì ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé yìí bó ṣe ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ewé ìsàlẹ̀ pọ́n: ebi. Ewé òkè pọ́n: bi ilẹ̀ léèrè. Etí ewé jó: àjẹjù. Tóótòòtó lábẹ́ rẹ̀: kòkòrò. Ewé tó rọ lọ́sàn-án tó gbórí sókè nírọ̀lẹ́: òùngbẹ. Èyí tó rọ láti àárọ̀: omi ti mu ún yó. Kò sinmi, ó ń kà á bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, ẹ mọ̀ ọ́n tó báyìí. Ẹ sì kórìíra rẹ̀."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Èmi ni mo lọ sọ."

Kò yé mi. Ó tún un sọ. Òun ló lọ sọ fún ọlọ́pàá.

Ó ní lọ́dún yẹn àwọn tó ń ra igbó ti ń gbé ìbọn gòkè. Ọmọkùnrin méjì kú lọ́sẹ̀ kan. Khamta náà ti gba ìbọn, ó ń fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. "Mo máa ń wò ó tó bá sùn, òkú ni mo ń rí." Ó di aṣọ aró lé orí bí ẹni ń lọ ọjà, ó rìn dé àgọ́ ọlọ́pàá, ó júwe ọ̀nà oko fún wọn. Wọ́n gòkè lọ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Nínú àwọn tó ń bá Khamta gbin igbó, méje ló kù tí wọn kò rí mú, tí wọ́n tẹ̀lé àwọn oníbọn náà. Kí ọdún tó yí, méjì ló ṣẹ́kù.

"Tèmi padà wálé ní odidi. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ kó tó kú. N kò lè wo ojú rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan. Ìwọ náà. N kò mọ̀ pé wọ́n á mú ọmọdé. Gbogbo ìgbà tí o bá la ẹnu, àlàfo yẹn ni mo ń rí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa pè ọ́ lórúkọ?"

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mo rò pé ìkórìíra ni.

Mo fi ahọ́n kan àlàfo náà. Mo ní, "Ìyá, eyín yẹn ti ń dùn mí tẹ́lẹ̀. Mo ti ń wá ẹni tó máa yọ ọ́."

Ó fi pòpórò igbó nà mí léjìká. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó di apá mi mú, ó sunkún, omi ojú rẹ̀ ń kán sí ọwọ́ aró. "Bunthom," ó ní. "Bunthom. Má sọ fún Chanthi."

N kò lè pè é ní Adájọ́ mọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún

Mo gbàgbé láti da epo sí ẹ́ńjìnnì oníbàárà. Alùpùpù náà rìn dé oríta, ó kú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje

Igi márùn-ún, gbogbo orí tútù. Dókítà Phakdi wá wò wọ́n, ó ya fọ́tò, ó ní ta ni àgbẹ̀. Mo nawọ́ sí Ìyá. Ìyá nawọ́ sí mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án

Chanthi dá jókòó sórí àga níwájú ilé, ó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ratri, kí ni Ìyá sọ fún yín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta?"

Mo ní ó kọ́ mi ní àwọ̀ ewé.

"Ẹ ò mọ irọ́ pa. Láti ọjọ́ yẹn ẹ ti ń fi spánà nọ́ńbà mẹ́wàá tú bóòtù nọ́ńbà méjìlá." Ó já ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ, ó jẹ ẹ́ lẹ́nu pẹ́ẹ́. "Ṣé ti ọlọ́pàá ni?"

Spánà bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó mọ̀. Bàbá rẹ̀ ló sọ fún un, lọ́sẹ̀ tí bàbá náà kú. Ọlọ́pàá kan ti sọ fún Khamta nínú ẹ̀wọ̀n pé obìnrin aláṣọ aró kan ló júwe ọ̀nà. Khamta mọ̀ láti ọdún àkọ́kọ́. Ohun tó sọ fún Chanthi rèé: "Ìyá rẹ ló gba ẹ̀mí mi là. Má jẹ̀ẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ̀. Ojú á tì í." Ọdún mẹ́jọ ni Chanthi náà fi pa á mọ́ra, nítorí pé bàbá ní kó pa á mọ́ra.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Irú ìdílé wo lèyí? Gbogbo wa ń fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹlòmíràn má bàa farapa.

Mo ní, "Lọ sọ fún un." Ó ní ojú bàbá òun ńkọ́. Mo ní, "Wọ́n ti kú, ojú ò lè tì wọ́n. Ìyá ló ṣì wà láyé."

Ó ronú sí i. Ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kù fún mi. Ó dìde, kò di ohunkóhun mú, ó la àgbàlá kọjá.

Mo rí wọn lórí pèpéle ọparun, orí sí orí. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn Ìyá ta sókè tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́: "Ó mọ̀ kẹ̀? Ó MỌ̀? Ọdún mẹ́rìnlélógún tó ń jẹ ẹja mi, tó ń ní kí n fi ata kún un!"

Ẹ̀rín ni, àbí ẹkún? Àwọn méjèèjì ló ń ṣe é pọ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá

Òṣùpá kún lónìí. Ọjọ́ tí a ń gbé ìrẹsì lọ fún àwọn òkú wa ní tẹ́ńpìlì.

Ìyá ti múra kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Aṣọ aró tuntun. Kò fẹ́ dúró de ọkọ̀ àwọn obìnrin. Ó ní kí n gbé alùpùpù jáde. Kò gun alùpùpù mi rí. Ó fi ẹ̀gbẹ́ jókòó, agbọ̀n lórí itan, ó gbá ìgbànú mi mú bí ẹni di ọmọ ewúrẹ́ mú. Gbogbo kòtò ló ń bú.

Inú ògiri tẹ́ńpìlì ni eegun Khamta wà, lẹ́yìn àwòrán rẹ̀ kékeré kan. Mo dúró sí òkèèrè, ṣùgbọ́n ohùn obìnrin yìí ò mọ bí wọ́n ṣe ń rẹlẹ̀. Ó bá a jà. Ó bi í pé irú ọkùnrin wo ló ń mọ̀ tó ń dákẹ́. Ó ní àìmọye aṣọ ni òun ti bà jẹ́ sínú aró nítorí pé òun ń ronú. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, kò burú, kó dúró de òun, ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán. Ó tú ìrẹsì tó dì sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó gbé e síwájú rẹ̀. Ó fi ìka nu eruku kúrò lójú àwòrán. Lẹ́yìn náà ó gbé ìdì márùn-ún mìíràn sí ìdí igi ńlá inú ọgbà tẹ́ńpìlì, fún àwọn márùn-ún tí kò padà láti òkè, ó ń pe wọ́n ní orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

A pẹ́. Oòrùn ti ga nígbà tí a délé, ebi ti ń pa èmi àti Ìyá. Mo ti se ọbẹ̀ adìyẹ sílẹ̀ kí n tó jáde, ti àwa mẹ́ta, ìkòkò tó kún dé ọrùn, ewé mẹ́ta nínú rẹ̀.

Chanthi jókòó ní ilé ìdáná, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbalaja, egungun adìyẹ kún àwo níwájú rẹ̀. Mo ṣí ìkòkò. Mo tún un ṣí, bí ẹni pé ọbẹ̀ lè ti sá pamọ́ síbìkan.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Mo fẹ́ dúró dè yín. Ebi ló pa mí."

Ìyá wo ìkòkò, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí.

Ẹyin mẹ́rin ló kù nílé. Mo dín wọn, èmi àti Ìyá pín in jẹ. Chanthi ní kí a fún òun ní ìdajì.